Ọlábánjọ, Elégbè Orin Finland

Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́dún 2015, tí àwọn ilé iṣẹ́ ní Calgary ń dá ẹnjiníà dúró bí ẹni ń gbọn igi àgbálùmọ̀, Ọlábánjọ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ já bọ́. Wọ́n dá ọ̀gá rẹ̀, òyìnbó arúgbó kan, dúró lọ́jọ́ kan náà. Nígbà tí bàbá yìí ń kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Halifax, ó kó giramafóònù kan àti rẹ́kọ́ọ̀dù méje fún Ọlábánjọ, bí ẹni ń fi ajá rẹ̀ sílẹ̀ fún aládùúgbò.

Orin kan náà ló wà nínú rẹ́kọ́ọ̀dù méjèèje. Orin Finland ni. Obìnrin kan ṣoṣo ló ń kọ ọ́ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ onífayolíìnì àti onífèrè sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ ọ́ láàárín ọgọ́ta ọdún. Ọlábánjọ ní àṣé ara ọ̀gá òun kò yá tipẹ́. Ta ní ń ra ẹ̀wà kan náà lọ́wọ́ ènìyàn méje?

Àmọ́ kò sí ohun tí àìríṣẹ́ṣe kò lè sọ ènìyàn dà. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Ọlábánjọ fi ń jókòó sí basement ilé wọn ní àdúgbò Falconridge, tó ń kọ ìṣẹ́jú tí obìnrin kọ̀ọ̀kan lò sínú kọ̀ǹpútà. Ẹni àkọ́kọ́ ń sáré bí ẹni tí ẹ̀wà rẹ̀ ń jó lórí iná. Ẹni kẹrin ń wọ́lẹ̀. Ìkẹfà ló fẹ́ràn jù, ó sì sọ ọ́ ní Ìyá Ìbejì, nítorí ohùn rẹ̀ tó ènìyàn méjì.

Ibì kan wà nínú orin náà tó ń dùn ún. Gbogbo fayolíìnì á dákẹ́, obìnrin náà á ké ìlà kan sókè, á sì dúró. Kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn. Ní ìlú tí wọ́n ti bí Ọlábánjọ, bí ènìyàn bá lé orin tí ẹ kò gbè é, ẹ ti dójú tì í nìyẹn. Kódà ọ̀tá ẹni, a máa ń gbe orin rẹ̀ tán ká tó bá a jà. Ọlábánjọ bá ṣe ègbè tirẹ̀: “Máa lé e lọ o, a ń bẹ lẹ́yìn rẹ.”

“Daddy, nobody asked you,” Dóyin ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún méje, á wí láti orí àtẹ̀gùn.

Adébùnmi ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló ń gbé gbogbo ilé. Ó ti fi shift òpin ọ̀sẹ̀ kún ti àárín ọ̀sẹ̀. Bó bá dé, á jẹun lórí ìdúró, á máa gbọ́ ọkọ rẹ̀ àti àwọn obìnrin Finland nísàlẹ̀.

Nígbà tó yá, Ọlábánjọ rí iṣẹ́ usher ní gbọ̀ngàn orin kan ní downtown. Wọ́n fẹ́ dán an wò fún oṣù mẹ́ta. Bó bá yege, wọ́n á gbà á pátápátá, Bùnmi á sì fi shift òpin ọ̀sẹ̀ yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ náà kò le: fi ìjókòó han ènìyàn, ti ilẹ̀kùn, pa ẹnu mọ́.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí oṣù mẹ́ta pé ni olórin kan ti Finland dé, orin yìí gan-an ló sì wá kọ. Ọ̀sán Sunday ni, rédíò sì fẹ́ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ọlábánjọ mọ ara rẹ̀. Ó ju peppermint méjì sẹ́nu, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn.

Àwọn ti inú rẹ́kọ́ọ̀dù, ohùn lásán ni wọ́n. Èyí ń làágùn. Nígbà tó dé ibẹ̀ yẹn, fayolíìnì dákẹ́, ó ké ìlà tirẹ̀, ó dúró. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ká ọwọ́ lé itan, wọ́n ń wò ó. Àánú rẹ̀ ṣe Ọlábánjọ ju bó ṣe lè fara dà lọ. Ó gbé peppermint mì.

“Máa lé e lọ o, a ń bẹ lẹ́yìn rẹ.”

Ohùn náà bá ti orin mu régí. Kì í kúkú ṣe lásán ló ṣe wà nínú choir ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Gbogbo orí yí padà. Olórin náà wo ọ̀nà ilẹ̀kùn, ó mí kanlẹ̀, ó ń bá orin rẹ̀ lọ. Ọlábánjọ búra pé ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń fa òun fúnra rẹ̀ jáde nígbà yẹn. Ọ̀gá àwọn usher gba jákẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, “We'll be in touch.” Kò sí ẹni tí wọ́n ti dá dúró rí ní Calgary tí kò mọ ohun tíyẹn jẹ́.

Nígbà tó délé, Bùnmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ń fọ ìkòkò tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ọlábánjọ rò ó fún un. Bùnmi rẹ́rìn-ín títí ó fi di sink mú. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí i.

“Kí lẹ tún ní ẹ sọ fún un?”

“Pé kó máa lé e lọ, a ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀.”

“Obìnrin tí ẹ ò rí rí.” Ó gbé ìkòkò kalẹ̀. “Ọdún kan ààbọ̀ rèé tí mo ti ń dá lé tèmi, Daddy Dóyin. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé, basement lẹ máa ń wà.”

Ojú ti Ọlábánjọ, ìtìjú tí ẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè fi kàn án. Ó gba kànrìnkàn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ ìkòkò yòókù.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, rédíò gbé orin náà sáfẹ́fẹ́. Dóyin sún mọ́ rédíò títí orin fi dé ibẹ̀ yẹn. Wọ́n ti yọ ohùn bàbá rẹ̀ kúrò.

“Daddy, that's your part. You missed it.”

Bàbá rẹ̀ kò gbọ́. Ó ti fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ́ bàtà tí snow ti bò kúrò lẹ́sẹ̀ Bùnmi.

“Ó rẹ̀ mí o,” ni Bùnmi wí.

“Pẹ̀lẹ́ o,” Ọlábánjọ dá a lóhùn, “oúnjẹ ti jinná.”