Igbe Mẹ́ta Lára Kọ̀ǹpútà Ọ̀gá Ilé-Ìwé

Àbúrò mi obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Etí-Ehoro ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Kò níwà pẹ̀lẹ́ o, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣọ́ọ̀bù kan la jọ wà: èmi ń ránṣọ níwájú, òun ń tú ẹ̀rọ lẹ́yìn, ẹnu wa kì í sinmi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀gá ilé-ìwé kan já wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé kọ̀ǹpútà ka orí aṣọ tí mò ń rán.

"Obìnrin yẹn dà? Lánàá ló bá mi nu eruku inú ẹ̀, lónìí ó ti kú! Èsì ìdánwò gbogbo ọmọ ló wà níbẹ̀, aago méjìlá ni mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́!"

"Ẹ káàárọ̀ náà, sà," mo ní. "Ẹ gbé e kúrò lórí aṣọ oníaṣọ."

Etí-Ehoro jáde, ó tàn án. Fáànù inú kọ̀ǹpútà ń yí, àmọ́ ojú ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ọkùnrin náà ń pariwo. "Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní òpópónà kejì ní òun máa pa gbogbo nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, òun á gbé tuntun sí i."

"Kó pa èsì àwọn ọmọ rẹ́?" Etí-Ehoro ní. "Ṣé orí ẹ̀ pé? Ẹ̀rọ yìí ò tíì dé ibi tí èsì wà rárá! Ètò kékeré kan wà lára bọ́ọ̀dù, òun ló ń kọ́kọ́ jí. Á wo mẹ́mórì, á wo kíbọ́ọ̀dù, á wo gbogbo ará ilé, kó tó lọ pe ètò ńlá jáde nínú dísìkì. Tí ò bá rí ẹnì kan, á jókòó síbẹ̀, á máa ké. Iye igbe ẹ̀ la fi ń mọ ẹni tó ń wá. Ẹ̀yin ò sì jẹ́ ká gbọ́!"

"Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

"Ẹ panu mọ́, sà!"

Èmi pàápàá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì mi. Etí-Ehoro tún un tàn. Fíì. Fíì. Fíì.

"Mẹ́mórì," ó ní.

Etí-Ehoro tú ìdí kọ̀ǹpútà náà, ojú ẹ̀ sì yí padà. Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń jẹ́ mẹ́mórì, ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, ẹ̀gbẹ́ kejì yọ sókè. Òun fúnra ẹ̀ ló fà á yọ lánàá tó nù ún, tó dá a padà láìdúró kó ró "kà". Ó lè tẹ̀ ẹ́ kó dákẹ́, ta ló máa mọ̀?

"Ẹ̀bi mi ni," ó ní. "Mi ò tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa."

Ó tẹ̀ ẹ́. Kà! Ó tàn án, ẹ̀rọ ké lẹ́ẹ̀kan péré, ìyẹn ni pé ará ilé ti pé, ìmọ́lẹ̀ dé.

"Mo mọ̀!" ọ̀gá ilé-ìwé ní. "Aláìmọ̀ṣẹ́!"

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ fi èsì yín ránṣẹ́. Tẹ́ ẹ bá parí, ẹ wá bú mi dáadáa."

Ó jókòó, ó ń tẹ̀, ó ń bú u. Aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló parí. Kò dúpẹ́, kò dágbére.

Etí-Ehoro bá a dé ẹnu ọ̀nà. "Kẹ́ ẹ má gbé òkú yín wá síbí mọ́ o!"