Ebè Tí Mo Kọ fún Òdòdó

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ṣakí, tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ Dallas létí mi rí, kò sí ohun tó ń dùn mọ́ mi lóko tó kí bàbá mi máa gé ẹ̀bù iṣu. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á gé iṣu sí ọ̀nà bíi mélòó kan, wọ́n á fi eérú ra ojú ibi tí ọ̀bẹ gbà, wọ́n á wá rì í sínú ebè. Ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú wa ló ní ebè tirẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ò lè mọ bó ṣe ń ṣe èèyàn, kí nǹkan ẹni wà nínú ilẹ̀, kéèyàn má sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ò lè mú un mọ́ra. Ó hú tirẹ̀ wò, ọ̀mùnú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sì dá mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá wa ò nà án. Wọ́n kàn ní, "O ti rí i báyìí. Ṣé o yó?"

Ọgbọ́n oko yẹn ni mo gbé wá sí Little Elm, nítòsí Dallas ní Amẹ́ríkà, lọ́dọ̀ ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì. Bàbá òyìnbó kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú. Nígbà tó fẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Lancaster, ìlú míì lápá Dallas, ó gbé àpò bébà kan fún mi. Ohun tó wà nínú rẹ̀ dà bí àlùbọ́sà wẹ́wẹ́ tó wọ ẹ̀wù àwọ̀n. Ó ní òdòdó áírísì ìyàwó òun ni. Lọ́dọọdún, tí ewé rẹ̀ bá ti kú, obìnrin náà á wú u, á tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ, torí omi tí a ń fọ́n sí koríko nígbà ooru máa ń jẹ́ kó rà. Kò sí ilẹ̀ nílé tóun ń lọ.

"Ẹ bá mi gbìn ín," ló wí. "Màá wá wò ó."

Mo bá gbé ọ̀bẹ. Ta ló fẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀bù gígé? Mo ti la ọ̀kan sí méjì, mo ń wá eérú kiri nínú ilé tí wọn kì í fi igi dáná, nígbà tí ọmọ mi wọlé.

"Ah, Mummy! Wọn kì í gé e o! It will rot!"

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbin àwọn tó kù lódindi, ṣùgbọ́n ebè ni mo kọ fún wọn, ọmọ mi ì báà rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀ dúdú ibí yìí máa ń dá omi dúró sínú tí òjò bá rọ̀. Mo gbin àbọ̀ méjèèjì náà sí ebè tiwọn, torí mo fẹ́ mọ̀. Mo tún ra irú mìíràn ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó ń ga, funfun àti aláwọ̀ ìyeyè, tí èèpo tiwọn ń dán.

Kí Kérésì tó dé, àwọn tí mo rà ti yọ ewé. Ti bàbá òyìnbó ò yọ nǹkan kan. Yìnyín já, kò yọ. Bàbá á pè mí lọ́jọ́ Sunday, "Ṣé ó ti yọ?" Màá ní rárá. Ẹ̀rù bà mí. Ó ku díẹ̀ kí n fi ṣíbí tú ilẹ̀ yẹn wò. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tó rántí bàbá mi: ṣé màá yó? Mo dá ṣíbí padà sí kíṣìnnì.

Àfi láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òtútù mú gan-an, tí mo rí i lórí ebè: òdòdó aláwọ̀ àlùkò, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, ìlà ìyeyè wà láàárín rẹ̀. Mo pariwo! Mo wá tú ebè àbọ̀ méjì tí mo gé. Wọ́n ti rà di omi.

Mo pe bàbá òyìnbó náà, ọmọ rẹ̀ sì fi mọ́tò gbé e wá. Pẹ̀lú ṣòkòtò mímọ́ ni bàbá náà kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Òun nìyẹn," ló ń wí, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Èmi náà sunkún.

Ayé ti yí padà. Láyé tiwa, ẹni tó bá ń gbin ohun tí ẹnu kì í jẹ, ọ̀lẹ la máa pè é. Bí bàbá mi bá rí mi nídìí ebè yìí, wọ́n á bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń sè é. Màá ní, "Bàbá, wọn kì í sè é. Ọkùnrin kan ló fi rí ìyàwó rẹ̀."