Àwẹ̀ Tí Àsmá'ù Kò Gbà

Ṣọ́ọ̀bù mi àti ti Àsmá'ù fara ti ara wọn nítòsí Apple Junction, ní Àmúwó. Èmi ń ránṣọ, òun ń ta mílíìkì, ṣúgà, ìrẹsì, ọṣẹ àti gbogbo ohun tí ilé ń fẹ́. Mo dàgbà jù ú lọ dáadáa. Mọ́mì Kìtán ló ń pè mí, nítorí Ọlákìtán, àkọ́bí mi. Ọmọ Ìwó ni Àsmá'ù. Tawheed ọkọ rẹ̀ ń ta bẹ́líìtì àti fílítà mọ́tò ní Trade Fair, wọ́n sì ń gbé kílóòsì kan, òpópónà kékeré onígéètì, nínú Festac pẹ̀lú Hidaayah, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ, mọ́sálásí làwọn ń lọ, ìyẹn kò ní kí abọ́ ọbẹ̀ má ti ṣọ́ọ̀bù kan bọ́ sí èkejì.

Mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ nítorí pé ẹnu àwọn ará àdúgbò yìí kò mọ ohun tó ń sọ. "Ìyá Hidaayah tó ya wèrè lọ́jọ́sí," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á tún bá a ra ṣúgà. Bí ó ṣe rí gan-an nìyí.

Ní oṣù Ràmàdáánì ọdún 2005, Àsmá'ù bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú gbogbo ilé. Á dáná sààrì, á kírun, á ké Kùránì, kò sì ní padà sùn mọ́. Bó bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í balẹ̀. Ká ní oṣù mìíràn ni, ẹnì kan ì bá ti bi í pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n oṣù àwẹ̀ ni, ta ló ń sùn nínú wọn? Tawheed tilẹ̀ ń fi í yangàn ní mọ́sálásí pé ìyàwó òun ti ta òun yọ nínú ẹ̀sìn.

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sàráà. Ṣúgà ló kọ́kọ́ ń fún àwọn alágbe. Ó di páálí mílíìkì. Ó wá di kí ó gbé àpò ìrẹsì síta, kí ó ní kí ẹni tó bá ń kọjá máa bù. Wọ́n ń bù, wọ́n ń ṣàdúrà pé Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn, Ọlọ́run á fi alùjánńà kẹ́ ẹ. Ẹni tó ń gba nǹkan ọ̀fẹ́ kì í béèrè bóyá ara ẹni tó ń fún un le. Kí Ìtúnu Àwẹ̀ tó dé, ṣọ́ọ̀bù náà ti ṣófo, Àsmá'ù sì ń sọ fún mi pé àwọn màláíkà ló máa kó ọjà tuntun wá. Ìgbà yẹn ni mo pe Tawheed. Ó wá, ó wo àwọn pákó òfìfo tí ọjà ń wà lórí wọn, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Mọ́mì," ó ní, "ìbẹ̀rù Ọlọ́run ni mo pè é."

Ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábà ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà ní baipóla ni wọ́n ń pe àìsàn náà, pé ó máa ń gbé ọkàn èèyàn sókè kọjá bó ṣe yẹ, á sì tún jù ú sílẹ̀ nígbà mìíràn. Ó ní kì í ṣe àfọwọ́fà, kì í sì í ṣe àìnígbàgbọ́. Oògùn wà fún un, ó sì ní láti máa lò ó láìdáwọ́ dúró.

Nígbà tó padà dé, ara rẹ̀ balẹ̀. Ó balẹ̀ jù. Ó ń tajà, ó ń fúnni ní ṣéńjì, ó ń kí mi kú àárọ̀, kò sì sí ohun tó wà lẹ́yìn ìkíni náà. Mo dá àpárá tó máa ń pa á lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀, ó kàn ń wò mí lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ kú ní Ìwó. Ó lọ, ó bọ̀, kò sunkún. Ó dùn mí débi pé mo bi í. Ó ní, "Mọ́mì, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ni. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ kí wọ́n tó yọ eyín? Téèyàn bá fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara ẹ̀, á dà bíi ti ẹlòmíì." Dókítà dín oògùn náà kù díẹ̀, ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

Nígbà tí àwẹ̀ ọdún kejì ń bọ̀, dókítà ní kí tọkọtaya jókòó ṣètò nígbà tí ara obìnrin náà ṣì dá. Ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti ṣe é, nítorí wọ́n fẹ́ kí n wà níbẹ̀. Àsmá'ù ló ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wálẹ̀. Ó ní òun kò ní jí sí sààrì. Kí Tawheed máa dáná tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun kò ní gbààwẹ̀, nítorí oògùn náà kò fẹ́ òùngbẹ, òun ní láti máa mu omi látàárọ̀ dalẹ́. Ọ̀dọ̀ mi ni òun á ti máa jẹun ọ̀sán. Lémọ́mù wọn ti ní ẹni tí àìsàn kò jẹ́ kó gbààwẹ̀ lè máa bọ́ aláìní kan lójoojúmọ́ dípò rẹ̀. Tawheed ni kó máa se oúnjẹ yẹn, kó sì máa gbé e lọ, òun kò ní fọwọ́ kàn án, nítorí fífúnni ni ọ̀nà tí àìsàn náà gbà wọlé lọ́jọ́sí.

"Èyí tó kù," ó ní, "bí inú mi bá dùn, ohun yòówù kó fà á, màá sọ fún yín kílẹ̀ tó ṣú. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ bá ń ṣe sílẹ̀, ẹ máa bọ̀. Bí mo bá ní kò sóhun tó ṣe mí, ẹ má gbà mí gbọ́."

Tawheed ní òun gbọ́. Mo ti wà nílé ọkọ láti ìgbà tí wọ́n ti ń kun Festac lọ́dà, èmi àti bàbá Kìtán kò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àwẹ̀ dé. Tawheed ń jó ìrẹsì mọ́ ìkòkò ní sààrì, ìyàwó rẹ̀ ń sùn. Lọ́sàn-án, Àsmá'ù á wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì mi, á jẹ ẹ̀wà, á mu omi. Oníbàárà mi kan rí i níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Hidaayah, omi lọ́sàn-án àwẹ̀?" Mo dá a lóhùn pé oògùn ló ń lò, pé ìwọ tó ò ń gbààwẹ̀, ìgbà wo lo fẹ́ kí ẹnu rẹ náà gbà á? Àsmá'ù ń jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ. Bóyá wọ́n bú u tàbí wọ́n gbèjà rẹ̀, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀.

Bàbá Àmúsà tó ń ṣọ́ géètì kílóòsì wọn ni Tawheed ń gbé oúnjẹ náà fún nígbà ìṣínu. Lọ́jọ́ kan, ọjà dé sí Trade Fair, Tawheed pẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ ti ń ṣú, bàbá arúgbó tó gbààwẹ̀ jókòó, ó ń wo ọ̀nà. Àsmá'ù bu ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ó gbé e lọ fún un. Bàbá náà ṣínu, ó jẹun tán, ó wo abọ́, ó ní, "Ìyàwó, kí Ọlọ́run bá mi fún ọkọ rẹ ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú oúnjẹ tirẹ̀ fẹ́ẹ̀ pa mí." Àsmá'ù rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun gbọ́ ẹ̀rín náà kí òun tó mọ̀ pé ọ̀fun òun ló ti jáde.

Ó ti sùn lọ kí Tawheed tó wọlé. Láàárọ̀, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà mi. "Mọ́mì, inú mi dùn lánàá. Ó ṣì ń dùn." Mo fẹ́ kígbe ayọ̀. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ẹ̀rù ń bà á. Ó pe Tawheed lórí fóònù.

Tawheed fi oníbàárà sílẹ̀, ó gun ọ̀kadà wá, gíríìsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jókòó níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Ṣé o sùn? Mo sùn. Ṣé oògùn ò yẹ̀? Kò yẹ̀. Ṣé èrò ń sáré lé ara wọn lórí rẹ? Rárá. Ṣé ò ń gbọ́ ohùn kankan? Rárá. Ṣé ó ń ṣe ọ́ bíi kó o fún èèyàn sí i? Ó rò ó díẹ̀. "Mo fẹ́ fún Bàbá Àmúsà ní mọ́ínmọ́ín lónìí náà. Ẹyọ kan." Tawheed wo ẹyinjú rẹ̀, ó tún gbogbo rẹ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wá mí kanlẹ̀.

"Kì í ṣe àìsàn, Ìyá Hidaayah. Inú ẹ kàn dùn ni."

Èmi ti ń dúpẹ́ nídìí máṣínì mi. Àsmá'ù ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ó ti lọ," ó ní.

"Kí ló lọ?"

"Inú dídùn yẹn. Ó wà níbẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ dé."

Mi ò rí omi lójú Tawheed ní gbogbo ìgbà tí wọ́n fi wà ní Yábà. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rí i. Ó fẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó rántí gíríìsì, ó fà á sẹ́yìn. "Bó bá tún wá," ó ní, "má tíì sọ fún mi. Jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ."

Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá gbà. Àsmá'ù mi orí.

"Tí mi ò bá sọ, a máa padà sí ti ọdún tó kọjá. Màá sọ, ẹ̀yin náà máa wá. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé, ẹ má tíì bi mí ní nǹkan kan. Ẹ jókòó tì mí ná, kẹ́ ẹ jẹ́ kínú mi dùn."

Tawheed nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. "Bí ẹ̀rù bá ń bà mí ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kó máa bà yín," ó ní. "Ẹ ṣáà jókòó."