Iná Pupa Lẹ́yìn Ọkọ̀ Bàbá Mi

Nígbà tó pé ọdún kan tí bàbá mi kú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ wọn lọ síbi iṣẹ́ mi ní Dùgbẹ̀. Èmi àti màmá mi nìkan ló kù nínú ilé wa ní Bódìjà. Ọkọ̀ náà ti gbó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dára. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìṣòro. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ring Road, ọkọ̀ akẹ́rù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlù mí lẹ́yìn. Awakọ̀ rẹ̀ yọrí síta, ó pariwo pé, "Madam, ẹ tan iná yín o!" Iná mi sì wà ní títàn, ó kàn ti di bàìbàì ni.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lókè òkun wá sílé lọ́dún Àjíǹde, ó sì mú gílóòbù mẹ́rin wá fún mi. LED ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí. Kò sí okùn tín-ín-rín kankan nínú rẹ̀, àfi àwọn ẹyọ kéékèèké tó tò pọ̀ bí ẹyin ẹja. Ó ní kì í gbóná, kì í sì í jẹ iná bátìrì.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ rìwáyà tó ń tún iná ọkọ̀ náà ṣe láti ayé bàbá mi, bàbá àgbàlagbà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Àgbowó. Wọ́n gbé gílóòbù kan sókè sójú oòrùn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ọmọ mi, kí ló máa wá tàn nínú èyí?"

"Èmi náà ò mọ̀, sà."

Wọ́n ti gílóòbù náà bọ ojú ihò rẹ̀, kò tàn. Wọ́n yọ ọ́, wọ́n yí i padà, wọ́n tún tì í bọ̀ ọ́, ó sì tàn lójijì. Bàbá náà fà sẹ́yìn díẹ̀. "Ó tún mọ apá tó fẹ́ kí iná gbà wọ òun lára," ni wọ́n wí. Wọ́n fi méjì sí iná ẹ̀yìn, méjì sí iná búréèkì.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀ láti ọ̀sán. Nǹkan bí aago méje ni mo délé. Mo pa ọkọ̀, mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo sáré wọlé. Wọ́n ti mú iná lọ ní àdúgbò wa. Mo ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí ṣíbí já bọ́ nílé ìdáná. Màmá mi dúró sójú fèrèsé, àtùpà wà lẹ́yìn wọn.

"Kí lẹ rí, Màámi?"

Wọ́n fi ọwọ́ tọ́ka síta. Mo lọ dúró tì wọ́n. Nínú òkùnkùn àgbàlá wa, iná ẹ̀yìn ọkọ̀ náà lápá ọ̀tún ń tàn. Kò tàn tán. Ó pọ́n bàìbàì bí ògúnná tí eérú bò, á ràn díẹ̀, á tún rẹlẹ̀, á tún ràn. Kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi.

Mo gbé agbòjò, mo jáde. Mo yọjú wo inú ọkọ̀, kò séèyàn níbẹ̀. Mo tan iná rẹ̀, mo tún pa á, kò yí padà. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi lé gíláàsì pupa náà. Ó tutù. Iná ń tàn lábẹ́ ọwọ́ mi, ó sì tutù bí ara òkúta. Mo yára fa ọwọ́ mi kúrò.

Bí mo ṣe padà wọlé, màmá mi ní, "Ṣé wọ́n ti ń bọ̀ nínú ilé?"

"Àwọn ta ni, Màámi?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Wọ́n wá sọ fún mi pé bí bàbá mi bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọn kì í tètè sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á jókòó sínú ọkọ̀, ẹsẹ̀ lórí búréèkì, wọ́n á gbọ́ ìròyìn rédíò títí yóò fi parí. Láti ilé ìdáná ni màmá mi ti máa ń rí iná pupa yẹn, wọ́n á sì gbé omi iṣu kaná.

Lọ́jọ́ kejì oòrùn ràn, iná náà kú. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí òjò bá ti rọ̀ ló ń padà wá. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, mo bá màmá mi nínú ọkọ̀, lórí àga ẹ̀gbẹ́ awakọ̀. Mo dúró ní fàráńdà, mo ń wo orí wọn láti ẹ̀yìn. Wọ́n á sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á dẹ etí, wọ́n á mi orí. Ìgbà kan wà tí wọ́n rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà náà, bí òjò bá ṣú ní Dùgbẹ̀, n kò ní fẹ́ lọ sílé mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo jáde láti lọ pè wọ́n. Mo ti sún mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ náà nígbà tí iná búréèkì méjèèjì tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní títàn kíkún. Ògiri ẹ̀yìn mi pọ́n, ọwọ́ mi méjèèjì pọ́n. Ó pẹ́ díẹ̀ kí iná náà tó kú. Màmá mi ṣílẹ̀kùn, wọ́n jáde, ara wọn balẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ̀yin lẹ tẹ búréèkì?"

"Láti ibi tí mo jókòó sí? Báwo ni ẹsẹ̀ mi ṣe máa dé ọ̀hún?" Wọ́n so ìró wọn le. "Lọ pe rìwáyà yẹn wá lọ́la. Kí wọ́n wá tún un ṣe."

Bàbá rìwáyà dé, wọ́n ṣí búùtù, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀. Omi ló kún abẹ́ rẹ̀. Ara wáyà ti jẹrà, bàbà inú rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé.

"Ó ti pẹ́ tí iná ti ń jò níbí," ni wọ́n wí. "Èyí tó ń jò kéré, kò lè tan gílóòbù àtijọ́. Tuntun yìí ni kò nílò púpọ̀. Òjò ló ń jí i."

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ wọn. Mo wá bi wọ́n léèrè ti iná búréèkì. Ọwọ́ wọn dúró.

"Méjèèjì?"

"Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, sà."

"Ọ̀tọ̀ ni ti búréèkì. Abẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ti ń wá. Mo ti wo ibẹ̀, ó gbẹ." Wọ́n fi ẹnu wúyẹ́wúyẹ́ ka nǹkan kan lédè Lárúbáwá, wọ́n pààrọ̀ wáyà tó jẹrà. Nígbà tó kan ká dán an wò, wọ́n ní kí èmi fúnra mi wọlé lọ tẹ búréèkì. Àwọn fúnra wọn kò fi ìdí kan àga awakọ̀ náà.

Iná náà kò tàn fúnra rẹ̀ mọ́. N kò bi màmá mi léèrè ohunkóhun. Nígbà tó yá, bí a ṣe jọ ń ṣa ẹ̀wà lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n sọ fún mi pé ìjà ni àwọn àti bàbá mi fi túká láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá mi kú, lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan. Bàbá mi ní ó dàbọ̀, àwọn kò sì dáhùn.

"Mo ti dá wọn lóhùn báyìí," ni wọ́n wí, wọ́n sì ju òkúta kékeré kan nù láti inú ẹ̀wà.

Ọdún méjì sí i ni mo fi wa ọkọ̀ náà kí n tó tà á fún tíṣà kan ní Mọ́níyà. Màmá mi ló fún un ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Wọ́n dúró sẹ́nu géètì títí ọkọ̀ fi yà sí títì, wọ́n sì wọlé lọ jẹun.