Ọkọ̀ Àtijọ́ Mìkáílù Àlàó

Ara Mìkáílù Àlàó kì í balẹ̀. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá ń jẹun, ojú rẹ̀ á wà lẹ́nu ọ̀nà. Sakasaka ni wọ́n bí i sí, láàárín ìlú Tamale ní ilẹ̀ Gáná, nínú agbo ilé àwọn ará Ìlọrin, ṣùgbọ́n kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ó ti kó lọ sí Kanvili, ó sì ti kó padà. Ó ta abọ́ tánganran, ó fi í sílẹ̀. Ó ta aṣọ, ó ní aṣọ sú òun. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́, ìyẹn ló sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ àlùfáà, máa ń sọ kó tó kú pé ibi tí ọmọ òun bá wà, ibòmíràn ló ń wù ú. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Kí lèèyàn fẹ́ bò níbẹ̀?

Ní ọdún 1958, òyìnbó kan tó ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sílé ta mọ́tò kékeré kan fún un, Ẹ́m-Jíì ti ọdún 1956, pupa fòò, oníjókòó méjì, tí orí rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn bí ẹní. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní ọwọ́ níta. Àfi kéèyàn na apá wọnú rẹ̀, kó fa okùn kan, kó tó ṣí. Àwọn ará Sakasaka ní mọ́tò tí kò lórí, tí kò lọ́wọ́, kí ló wá kù níbẹ̀? Mìkáílù á fa okùn náà, á jókòó sínú rẹ̀, á wà á lọ. Ó ń gbádùn ara rẹ̀.

Ọkọ̀ yìí ló fi gbé Ayishetu wálé. Ọmọ Dagomba, àwọn tó ni ilẹ̀ náà, ni Ayishetu, láti abúlé Dungu. Ó ti lọ́kọ rí ní Savelugu, ọlọ́jà iṣu kan tó ń jẹ́ Issahaku, ṣùgbọ́n ìgbéyàwó náà kò pé ọdún kan tó fi tú, kò sì sí ẹni tó bá ẹnì kejì jà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Mìkáílù á gbé ìyàwó rẹ̀ jáde. Bíréèkì ọkọ̀ náà ti dàgbà, àfi kéèyàn ti máa tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè. Nítorí náà, ẹ̀sọ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Wọn á máa sọ̀rọ̀, wọn á máa rẹ́rìn-ín, eruku á sì máa kùn wọ́n ní osùn. Ayishetu nìkan ló mọ̀ pé nínú ọkọ̀ yẹn, ara ọkọ òun máa ń balẹ̀.

Àdìjátù, ìyá Mìkáílù, ló kọ́ Ayishetu ní Yorùbá, kì í sì í gba gbẹ̀rẹ́. Gbogbo ìlú ń sọ pé mọ́tò, àwọn ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ń sọ pé mọ́tò, ṣùgbọ́n màmá ní kò jẹ́ ṣẹlẹ̀. "Ọkọ̀ là ń pè é," ni yóò wí. "Hausa ò ní gba ẹnu wa tán nínú ilé yìí."

Ayishetu gbà. Ó mú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò rí ohùn rẹ̀ mú. Lẹ́nu tirẹ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀, ọkọ́ tí à ń fi roko, ọkọ tó fẹ́ni níyàwó, bákan náà ni gbogbo wọn ń dún. Wọ́n fi í rẹ́rìn-ín títí tó fi sú wọn.

Ní ọdún 1962 ni Abdulai fítà, tó ń tún ọkọ̀ ṣe nítòsí ọjà, mú ìròyìn wá pé ẹnì kan ní Ẹ́m-Jíì ti ọdún 1961, tó fẹ́ kí wọ́n fi ti Mìkáílù ṣe pàṣípààrọ̀, kí òun sì gba díẹ̀ lé e. Oorun dá lójú Mìkáílù láti ọjọ́ náà. Abdulai gbé ọkọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lábẹ́ igi ním, Mìkáílù sì ń yí wọn po bí adìẹ tó fẹ́ yé.

"Wo imú Fífítí-síìsì tìẹ yìí," ni Abdulai wí. "Ó yọ síta. Ti Síísítì-wáànù yìí wọnú, bí ẹnu arúgbó tí eyín rẹ̀ ti ká."

"Kò wá lẹ́wà tó tèmi nìyẹn."

"Ẹwà ni wàá fi gun òkè? Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi ju tìẹ lọ. Wo iná ẹ̀yìn, tìẹ dúró ṣánṣán, tibí sùn sílẹ̀. Bíréèkì iwájú ńkọ́? Irin pẹlẹbẹ ni, wọ́n ní ìṣẹ́jú tí o bá tẹ̀ ẹ́ ló ń dúró. Sá eré tó bá wù ọ́, wallahi."

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Okùn náà ni. Ìyẹn ò yí padà."

Ọ̀rọ̀ eré yẹn ló wọ Mìkáílù lára. Síbẹ̀, bó bá wo èyí pupa, ọkàn rẹ̀ á tún fà á padà. Ó lọ, ó bọ̀, kò lè pinnu.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹbí pé jọ láti jẹun. Ayishetu pọn Àsmá'ù, ọmọ wọn, ó gbé túwó wá, Mìkáílù sì bi í lójú gbogbo wọn: "Ìyá Àsmá'ù, àtijọ́ àti tuntun, èwo lo fẹ́?"

"Ọkọ àtijọ́ ni mo fẹ́," ni Ayishetu wí. "Ó dáa ju tuntun lọ. Ọkàn mi máa ń balẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀." Ó yí padà sí ilé ìdáná, ọbẹ̀ rẹ̀ wà lórí iná.

Mumuni, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Mìkáílù, pàtẹ́wọ́. "Haba! Issahaku ṣì wà ní Savelugu o!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí obìnrin náà ní lọ́kàn, àfi ọkọ rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ì bá bá wọn rẹ́rìn-ín, kó sì máa fọ túwó rẹ̀ jẹ. Mìkáílù dìde láìjẹun. Èébú ni kí ọkùnrin máa bi ìyàwó rẹ̀ nípa ọkọ tó ti kọ̀ sílẹ̀, nítorí náà kò bi í. Ó gbé ọ̀rọ̀ mì, ọ̀rọ̀ náà sì ń jẹ ẹ́ nínú.

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti fi ọkọ̀ pupa ṣe pàṣípààrọ̀. Kò gbé Ayishetu jáde mọ́. Bí obìnrin náà bá béèrè pé, "Bàbá Àsmá'ù, kí ni mo ṣe?" á ní, "O mọ ohun tí o ṣe." Bó bá lọ kí ìyá rẹ̀ ní Dungu, Mìkáílù á bi í lẹ́ẹ̀mejì pé ọ̀nà wo ló gbà. Ó ń jowú ẹni tí kò sí nílé, ẹ̀rù sì ń bà á gidigidi pé Ayishetu máa fi òun sílẹ̀.

Ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ní ọjọ́ ọjà Savelugu, ó wọ ọkọ̀ tuntun, ó sá eré tí kò sá rí. Ewúrẹ́ fò, àwọn ọmọdé kígbe. Ó bá Issahaku níbi tó ti ń to iṣu, ó sì bi í ní Hausa, láìkí i, pé kí ló wà láàárín Issahaku àti ìyàwó òun.

Àwọn èèyàn yí wọn ká. Issahaku gbé iṣu ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Àlàó," ni ó wí, "láti ìgbà tí a ti kọ ara wa sílẹ̀, n kò fojú kàn án. Ara rẹ̀ le? Mo gbọ́ pé ó bímọ." Ó wo àwọn èèyàn tó péjọ. "Ìwọ lo gbé orúkọ rẹ̀ wọ ọjà, kì í ṣe èmi."

Ojú ti Mìkáílù débi pé ó dúró sí Kanvili títí oòrùn fi rẹlẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó kó iṣu ti ṣáájú rẹ̀ délé, ọ̀rọ̀ sì bá a wá.

Ó bá Ayishetu lẹ́nu ọ̀nà, Àsmá'ù lẹ́yìn rẹ̀, ẹrù rẹ̀ nílẹ̀. Àdìjátù jókòó nítòsí, kò wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo sọ ọ́ lójú ẹbí," ni Mìkáílù wí. "Ọkọ àtijọ́ lo ní o fẹ́."

Ayishetu lanu. Ó kọ́kọ́ dàbí ẹni tí kò gbọ́, lẹ́yìn náà ni omi dà lójú rẹ̀. "Mọ́tò!" ni ó kígbe. "Mọ́tò ni! Mọ́tò pupa yẹn! Nítorí ìyẹn lẹ ṣe lọ bi Issahaku léèrè mi láàárín ọjà, bí ẹni ń wá ẹran tó sọ nù?"

"Ayishetu, ọkọ̀ lo ń sọ?"

"Nígbà yẹn, ọkọ̀ ni," ni ó wí. Ó fi ọwọ́ nu ojú, ó rọra ń sọ̀rọ̀, kò sì ṣi ohùn kankan pè. "Lónìí, ọkọ ni. Ọkọ mi àtijọ́ ni mo fẹ́, ẹni tó máa ń gbé mi rìn jẹ́jẹ́, tí a jọ ń rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mo wà nílé bàbá mi ní Dungu."

Mìkáílù na ọwọ́ sí ẹrù náà. Àdìjátù ti gbé e kó tó débẹ̀, ó gbé e lérí, ó sì sin ìyàwó ọmọ rẹ̀ dé títì.