Ẹ̀rọ Tí Bàbá Fi Ọwọ́ Ara Rẹ̀ Ṣe

Òórùn irin gbígbóná àti ekuru ọ̀nà márosẹ̀ ni mo fi máa ń mọ̀ pé mo ti dé yàrá ìwádìí wa ní Ìbàfò. Bí tírélà bá ti ń kọjá, gbogbo fèrèsé ibẹ̀ á máa gbọ̀n. Mowe ni mo ń gbé nígbà náà, mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo sì ti sọ fún ara mi pé ọdún yẹn ni màá parí.

Ìyẹ̀fun méjì ni mo ń bá ṣiṣẹ́, funfun kan, pupa kan. Wọ́n kúnná débi pé ojú lásán kò lè rí hóró wọn. A ó dà wọ́n sínú ọ̀pá gíláàsì gíga kan, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí wọn láti ìsàlẹ̀, wọ́n á gbéra, wọ́n á máa ru bí ògì tó ń hó. Èmi á wá bu díẹ̀ lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, kí n lè wọn bí wọ́n ṣe pò mọ́ra tó. Bàbá tó ń bójú tó àwọn irinṣẹ́ wa ló ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún. Ìfọ̀ ló ti ń wá lárààárọ̀, ó sì ku oṣù díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ ló fi lu gbogbo ihò wínníwínní tí atẹ́gùn ń gbà kọjá sára irin ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti kírun Àsárì tán, á wá dúró tì mí, á máa wo ìyẹ̀fun náà, á rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ọ̀gá tó ń darí ìwádìí mi ti kìlọ̀ pé kí n máa fi asẹ́ jọ àwọn ìyẹ̀fun náà kí n tó dà wọ́n, nítorí pé wọ́n máa ń dì. Iṣẹ́ tó ń sú ènìyàn ni. Nígbà tó yá, mi ò jọ̀ wọ́n mọ́. Lójú, àwọ̀ wọn ti di ọ̀kan, inú mi dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ẹ̀rọ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n, funfun dì lọ́tọ̀, pupa dì lọ́tọ̀.

Ọ̀gá wo àwòrán náà títí. Ó ní atẹ́gùn kò ráàyè kárí, pé ihò tí Bàbá lu kò dọ́gba. Bàbá wà níbẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ mi ni?"

Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Mo dákẹ́.

Wọ́n ra ẹ̀rọ mìíràn. Bàbá fẹ̀yìn tì, kò dágbére fún mi. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin, mo jọ ìyẹ̀fun méjèèjì dáadáa, mo sì dà wọ́n sínú rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, wọ́n pò mọ́ra, kò sí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún.

Ó tó ọdún kan kí n tó ní ìgboyà láti lọ sí Ìfọ̀. Ìyàwó rẹ̀ mú mi wọlé. Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àlejò.

"Ẹ̀rọ wo?" ló bi mí.

Ìyàwó rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní nígbà tó kọ́kọ́ fẹ̀yìn tì, ojoojúmọ́ ló ń yẹ ọwọ́ ara rẹ̀ wò, tó ń béèrè ibi tí òun ti ṣàṣìṣe. Lẹ́yìn náà ni ìgbàgbé dé.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé àánú Ọlọ́run ni ìgbàgbé ọ̀hún. Mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀. Mo ti gboyè náà, àwọn ènìyàn sì ń pè mí ní dókítà. Àmọ́ mo ti mọ̀ pé òtítọ́ ní àsìkò tirẹ̀, bó bá sì ti kọjá, a lè gbé e dé ẹnu ọ̀nà ẹni tó ni ín ká má bá a nílé. Gbogbo ìgbà tí Bàbá ṣì lè gbọ́ ọ, mo dákẹ́.