Abẹ́rẹ́ Tí Kò Délẹ̀

Ní pálọ̀ bàbá wa ní Èjìgbò, aago kan wà lára ògiri tí kò sọ òótọ́ rí. Bàbá gbé e bọ̀ láti Àbíjàn lọ́dún tí wọ́n kó ẹrù wọn wálé pátápátá, wọ́n sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tì í síwájú kí ìrun Àsúbàá má baà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Gbogbo ilé ló mọ̀. Bí aago bá ní agogo méje ti lù, a ó yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò nínú ọkàn wa, a ó máa bá ohun tí à ń ṣe lọ. Àlejò nìkan ló máa ń sáré. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé ìyàwó mi wọlé, odindi ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń sáré kiri láàárọ̀ kí ẹnìkan tó rántí sọ fún un, a sì fi rín in títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dìjà.

Mo ń dárúkọ aago yìí nítorí pé ó lọ́wọ́ nínú ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò mi. Ọwọ́ kejì tó wà níbẹ̀, tèmi ni.

Abẹ́ omi ni èmi àti àbúrò mi ti ń jẹun. Àbíjàn la ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, tí à ń bá ha ìdọ̀tí kúrò nídìí ọkọ̀ ojú omi. Sìlíńdà afẹ́fẹ́ á wà lẹ́yìn wa, rọ́bà tí à ń gbà mí á wà lẹ́nu. Ọ̀gá náà le bí ojú ẹja, kò sì sí ohun tó le lé lórí tó mánò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀: ohun kékeré kan tó rí bí aago, tó wà létí rọ́bà tirẹ̀, tó ń sọ iye afẹ́fẹ́ tó kù nínú sìlíńdà. Kò lo bátìrì, kò sì tan iná. Abẹ́rẹ́ kan ni, tó máa ń wà lórí igba bí sìlíńdà bá kún, tí á máa sọ̀kalẹ̀ bí èèyàn bá ṣe ń mí, títí á fi dé òdo. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ omi kò ní ẹlòmíràn tó lè bi.

Bí a bá fẹ́ ṣí sìlíńdà, ọ̀gá á ní ká dojú mánò kọ ilẹ̀, nítorí bí gíláàsì rẹ̀ bá bẹ́, ojú ẹni tó ń wò ó ló máa bẹ́ sí. Díẹ̀díẹ̀ la sì gbọ́dọ̀ ṣí i. Bí a bá jáde nínú ọ̀sà, omi tó mọ́ la fi ń ṣàn án kí iyọ̀ má baà jẹ ẹ́ nínú, abẹ́ òjìji la sì ń gbé e kọ́ sí. Mo ti rí ọ̀gá tó gbá awo oúnjẹ ẹnìkan dànù nítorí pé onítọ̀hún gbé sìlíńdà lé mánò lórí. Ṣùgbọ́n ohun tó máa ń gbẹ̀yìn ni kó ti sìlíńdà, kó tú gbogbo afẹ́fẹ́ inú rọ́bà dànù, kó wá tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà. Ó gbọ́dọ̀ délẹ̀, kó kan òdo gan-an.

"Èyí tí kò bá délẹ̀, irọ́ ló ń pa," ó máa ń wí. "Ẹ má bá a dúnàádúrà."

Mo mọ gbogbo èyí bí mo ṣe mọ Fátíà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní àwáwí kankan.

Lásìkò ọyẹ́ ni olórí àwọn àgbẹ̀ kan wá bá wa nílé. Wọ́n ní dáàmù kékeré kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀-Ọ̀dàn, èyí tí wọ́n fi ń bomi rin ẹ̀fọ́ àti tòmátì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìtì igi kan àti àwọ̀n ẹja tó ti gbó ti dí ẹnu páìpù rẹ̀ nísàlẹ̀, omi kò sì lọ sóko mọ́. Bàbá ló dáhùn kí èmi tó la ẹnu. Wọ́n ní a ó lọ. Nígbà tí àlejò náà jáde, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwọ ni ẹ̀gbọ́n," ni wọ́n wí. "Àbúrò rẹ lágbára, ṣùgbọ́n kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o."

Mo ní mo gbọ́ bàbá.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo tẹ́ gbogbo irinṣẹ́ wa sí pálọ̀. Mánò kan ṣoṣo ló kù fún wa, nítorí ìkùukùu ti bo inú gíláàsì èkejì, mo sì ti jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnìkan tó ń ti Èkó bọ̀ ti ṣèlérí pé òun á mú tuntun wá lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Mo so èyí tó kù mọ́ sìlíńdà, mo dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo ṣí i díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Igba. Mo tì í, mo tú afẹ́fẹ́ inú rọ́bà dànù. Abẹ́rẹ́ náà rọra ń sọ̀kalẹ̀, ó dé orí ogún, ó dúró.

Mo fi oríkèé ìka gbá gíláàsì náà, bí àwọn fọ́kánáísà ṣe máa ń gbá tiwọn. Kò mira. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i, orí ogún náà ló ń dúró.

Mo lè ní kí àwọn àgbẹ̀ náà ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbójú sókè, ojú mi sì ṣe kòńgẹ́ aago bàbá. Mo wá wí fún ara mi pé ogún náà ni mánò yìí fi ń ṣáájú. Bó bá ní ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rin ni. Ẹni tó bá dàgbà lábẹ́ irú aago bẹ́ẹ̀ á gbà pé irọ́ tí a bá ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ ti di òótọ́.

Àbúrò mi wọlé nígbà tí mo ṣì mú un dání. Ó wo abẹ́rẹ́ náà, ó wo ojú mi, ó sì kọjá lọ sẹ́yìnkùlé. Mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé kò kíyè sí i pé abẹ́rẹ́ náà kò délẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, a dé dáàmù náà. Ògiri kọ̀ǹkéré kan ló sé omi, àkàbà irin kan sì wà lára rẹ̀ tó wọ inú omi lọ. Jíjìn ibẹ̀ á tó ọ̀pá mẹ́wàá, omi rẹ̀ sì dúdú bí omi aró. Mo so okùn mọ́ àbúrò mi níbàdí. Okùn yìí ni ẹnu wa. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mejì, mò ń bi í ní iye afẹ́fẹ́ tó kù. Yóò wo mánò, yóò sì fà á lẹ́ẹ̀kan fún àádọ́ta kọ̀ọ̀kan tó bá rí. Fífà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láìjẹ́ pé a bèèrè túmọ̀ sí sàvá, ara òun le. Bí mo bá fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, kó máa bọ̀ lókè.

Ó fi ayùn ọwọ́ há ìgbànú, ó mi orí sí mi, ó wọmi lọ.

Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo bèèrè. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àádọ́jọ ó lé díẹ̀, ó dáa. Nígbà tó di ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì. Èyí náà dáa. Mò ń gbọ́ ayùn náà nínú okùn, bó ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, àwọn ìfófòó sì ń hó lójú omi. Olórí àgbẹ̀ dúró tì mí, ó ń sọ̀rọ̀ nípa tòmátì rẹ̀.

Nígbà tó di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo bèèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì.

Inú mi dùn. Ọlọ́run má bínú, inú mi dùn gan-an ni. Mo ní ọmọ yìí ti mọ̀ ọ́n mí, kò fi afẹ́fẹ́ ṣòfò. Mo tilẹ̀ sọ fún olórí àgbẹ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Ó ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú márùndínlógójì nígbà tí nǹkan kan ta mí nínú. Ọkùnrin tó ń fi ayùn gé igi lábẹ́ omi, mímí rẹ̀ á máa pọ̀ sí i ni, kò lè dín. Kí ló dé tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀? Mo fa okùn lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejì náà ló dá mi lóhùn.

Aago bàbá ń fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣáájú láàárọ̀, ó ń fi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ṣáájú lálẹ́. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe aago. Ó ti há. Ó ti há sórí ọgọ́rùn-ún láti bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àbúrò mi sì ń wò ó, ó ń gé igi lọ.

Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan: sàvá. Mo tún fà á lẹ́ẹ̀mẹrin, kíkankíkan. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ayùn nínú okùn, ó ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Igi náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, mánò sì ní afẹ́fẹ́ wà. Ó rò pé ojo ẹ̀gbọ́n òun ló dé. Mo fẹ́ wí fún un pé abẹ́rẹ́ rẹ ń parọ́, okùn kò sì ní ọ̀rọ̀ fún ìyẹn.

Olórí àgbẹ̀ ní ká fà á jáde, ó ti di okùn mú. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ẹni tí a kò rí, a kì í fà á: bí okùn náà bá ti lọ́ mọ́ igi tàbí àwọ̀n, a ó kàn fà á há síbẹ̀ pátápátá ni. Mo ń wo àwọn ìfófòó. Wọ́n ṣì ń jáde.

Ìgbà náà ni ojú mi bọ́ sí àkàbà irin. Mo gbé sípánà tó wà lẹ́sẹ̀ mi, mo sáré lọ kúnlẹ̀ sórí ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin náà. Ní Àbíjàn, bí wọ́n bá lu ara ọkọ̀ báyìí láìdáwọ́ dúró, gbogbo ẹni tó wà nísàlẹ̀ á fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á jáde. A kì í dáhùn rẹ̀. Mo lù ú títí ọwọ́ mi fi bó. Mò ń bẹ Ọlọ́run, mò ń bú ara mi, mi ò mọ èyí tó ń tẹnu mi jáde.

Okùn náà dẹ̀. Àwọn ìfófòó ń sún mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà wọ́n dá.

Mo ka ení, mo ka èjì. Ojú omi dákẹ́. Mo ti bọ́ bàtà mi nígbà tí orí rẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàbà, ó tu rọ́bà ẹnu rẹ̀ dànù, ó sì fa afẹ́fẹ́ ilẹ̀ wa sínú pẹ̀lú ohùn kan tí mi ò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi.

A gbé e gòkè. Mo mú mánò náà lọ́wọ́, ọgọ́rùn-ún ló ṣì ń sọ. Mo fi ìka gbá a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Abẹ́rẹ́ náà já wálẹ̀ sórí ogún, ó dúró síbẹ̀.

Mo ní kí olórí àgbẹ̀ bá wa wá omi mímu, nítorí mi ò fẹ́ kó gbọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

"Mo mọ̀," mo wí. "Láti ọ̀sán àná ni mo ti mọ̀ pé kì í délẹ̀. Ogún ni mò ń yọ kúrò."

Àbúrò mi kò wò mí. Ó ń nu ojú.

"Èmi náà ń yọ ogún," ó wí. "Mo rí i lọ́wọ́ yín ní pálọ̀, ẹ̀gbọ́n. Mo rí i pé ẹ ti rí i. Mo ní bí ẹ bá ti rí i tí ẹ ò sọ nǹkan kan, kí ni tèmi níbẹ̀?"

Èyí ló dùn mí jù, ó sì ń dùn mí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹni méjì ló rí abẹ́rẹ́ náà. Ọ̀kan fi ẹnu dákẹ́ nítorí ìgbéraga, èkejì fi ẹnu dákẹ́ nítorí ọ̀wọ̀.

Nígbà tí a délé lọ́sàn-án, mi ò sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Mo gun àga, mo gbé aago bàbá sọ̀kalẹ̀, mo fi fóònù mi dá a padà sí àkókò tó tọ́, mo gbé e kọ́. Bàbá wọlé lẹ́yìn náà, wọ́n wo aago, wọ́n yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tiwọn kúrò, wọ́n sì jókòó bó ọsàn wọn jẹ. Nígbà tí wọ́n dé mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti kí Alaásàrí tán.

Wọ́n padà wálé pẹ̀lú ìbínú. "Ta ló fọwọ́ kan aago mi?"

Mo dúró, mo ka ohun gbogbo fún wọn, láti orí ogún dé orí sípánà. Àbúrò mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, àbúrò mi ni wọ́n kọjú sí.

"Èémí mélòó ló kù fún ọ níbẹ̀?"

"Ọ̀kan, bàbá. Ìkejì ni mo fà tí kò wá."

Wọ́n ní ká bu omi àlùwàlá wá, wọ́n sì kírun wọn ní pálọ̀ ní àwọn nìkan. Wọ́n pẹ́ lórí ìforíkanlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní ká fi aago náà sílẹ̀ bó ṣe wà.

Mánò tuntun ti dé láti Èkó, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń délẹ̀. Ká tó wọ omi báyìí, àbúrò mi á tú afẹ́fẹ́ inú rọ́bà rẹ̀ dànù níṣojú mi, á sì pe òdo síta kí n gbọ́. Aago bàbá náà ń sọ òótọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó ṣì ṣòro fún wọn láti gbà á gbọ́, nítorí náà, bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè bóyá àkókò tó ń sọ tọ́. Bí èmi àti àbúrò mi bá jọ jókòó sí pálọ̀, àbúrò mi ni wọ́n ń bi, kì í ṣe èmi.